Òru Méjì ní Okomu: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Ifẹ̀ Tó Fẹ́ Lọ Sùn Nínú Igbó Kìjikìji

Ọ̀pọ̀ ará Ifẹ̀ tó ti lọ sí igbó Okomu, nígbà tí wọ́n bá padà wálé, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Igi la rí." Wọn kò purọ́. Ọ̀sán gangan ni wọ́n wọ igbó, nígbà tí oòrùn ti mú, tí ẹyẹ ti dákẹ́, tí ọ̀bọ sì ti fara pamọ́ sáàárín ewé. Igbó ní wákàtí ọjà tirẹ̀. Ọjà yẹn ń ná láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ títí di bí agogo 9 àárọ̀, ó sì tún ń ná láti bí agogo 5 ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti palẹ̀ mọ́, pákó ìsọ̀ nìkan ni yóò bá níbẹ̀.

Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ṣe, ìbáà ṣe ẹni tí ẹ máa sanwó fún, aṣọ tí ẹ máa wọ̀ tàbí agogo tí ẹ máa sùn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé èyí á jẹ́ kí n wà nínú igbó ní àárọ̀ kùtù àti ní ìrọ̀lẹ́?

Mo mú Okomu torí pé òun ló bá ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́ta mu láti ọ̀dọ̀ wa. Igbó tó yí Ifẹ̀ àti Iléṣà ká láyé àtijọ́ ti di oko kòkó tipẹ́. Ọgbà ẹranko ìjọba tó wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, ọ̀dàn ni, kì í ṣe igbó dúdú. Igbó Ọ̀mọ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, erin sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Okomu ní lọ́ọ̀jì tí àlejò lè sùn sí láàárín ọgbà gan-an. Ìpínlẹ̀ Ẹdó ló wà, ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè ní 1999, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 200 kìlómítà onígun mẹ́rin (200 km²). Oko ọ̀pẹ àti oko rọ́bà ló yí i ká. Ẹ ó máa wa ọkọ̀ láàárín ọ̀pẹ tí wọ́n tò bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà, lẹ́ẹ̀kan náà ni igbó yóò dìde níwájú yín bí ògiri.

Kí ẹ tó sanwó

Ìrìn-àjò àsanpọ̀ ni mò ń sọ, èyí tí owó ọkọ̀, yàrá, oúnjẹ, owó ẹnu ọ̀nà ọgbà àti amọ̀nà wà nínú ẹyọ owó kan. Ó dára fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, torí ọ̀nà ibẹ̀ ń tanni jẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá wọ igbó náà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, òru kan ṣoṣo ni ẹni tó kó wa lọ gbowó rẹ̀. Agogo 9 alẹ́ la dé. Nígbà tó di agogo 9 àárọ̀ ọjọ́ kejì, dírẹ́bà ti ń tẹ hóònù. Mo rí yàrá, mo jẹun, mo sì gbọ́ ohùn ẹyẹ láti ojú fèrèsé. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi tọ́jú owó yẹn, ó sì dùn mí dọ́kàn. Láti ọjọ́ náà, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ iye owó kí n tó rí ètò ìrìn-àjò rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí. Òru méjì ló kéré jù. Òru méjì yóò fún yín ní ìrọ̀lẹ́ méjì àti àárọ̀ méjì, bí òjò bá sì ba ọ̀kan jẹ́, òmíràn ṣì wà.

Ẹ béèrè orúkọ amọ̀nà àti iye ọdún tó ti ń rìn nínú igbó náà. Bí ẹni tó ń ta ìrìn-àjò bá yí ọ̀rọ̀ padà sí orin, ẹran sísun àti fọ́tò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì lẹ ń sanwó fún, ojú amọ̀nà ni. Ẹ béèrè iye ènìyàn tí yóò tẹ̀ lé amọ̀nà kan. Mẹ́fà ni mo lè fara mọ́. Bó bá di méjìlá, ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní rí nǹkan kan, ẹsẹ̀ tó ń fọ́ ewé gbígbẹ á sì ti lé ẹranko lọ kí ẹni iwájú tó dé ibẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá ẹ̀ṣọ́ ọgbà yóò bá yín rìn, agogo mélòó ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, agogo mélòó ni wọ́n ń pa á, bóyá yàrá jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ náà, àti ohun tí wọ́n máa ṣe sí owó yín bí ọ̀nà bá bàjẹ́ tàbí tí ẹ kò lè lọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìdáhùn wà lórí WhatsApp, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ẹni tó bá sì ṣèlérí fún yín pé ẹ máa rí erin, ẹ má gbà á gbọ́. Erin igbó wà ní Okomu lóòótọ́, wọn kò pọ̀, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń yẹra fún ènìyàn. Amọ̀nà tòótọ́ yóò fi ẹsẹ̀ erin àti ìgbẹ́ erin hàn yín, yóò sì sọ fún yín bóyá ti àná ni tàbí ti ìjẹta.

Oṣù tó dára

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Ọ̀nà gbẹ, ewé díẹ̀ ti já lórí igi, ojú sì ń ríran jìnnà díẹ̀. Ẹranko máa ń wá sí etí omi nígbà yẹn. Láàárín òjò, ọ̀nà inú oko ọ̀pẹ máa ń di ẹrẹ̀, bọ́ọ̀sì kékeré kò sì lè gbà á kọjá.

Oṣù kan ṣáájú: ẹsẹ̀ àti ara

Ẹ dán ẹsẹ̀ yín wò nílé kí ẹ tó lọ dán an wò lóko olóko. Mo máa ń rán àwọn ènìyàn lọ sí omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ìpele méje ni omi náà ní. Ẹ gun ìpele mẹ́ta, ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ torí òkúta ibẹ̀ máa ń yọ̀, kí ẹ sì wọ bàtà tí ẹ máa gbé lọ sí Okomu gan-an. Bàtà tó bá ha ẹsẹ̀ yín ní Ẹ̀rìn, ẹ ṣì lè pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá ha yín nínú igbó yóò sọ yín di aláìlera ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ torí rẹ̀ wá. Okomu kò ní òkè bíi ti Ẹ̀rìn, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́, ṣùgbọ́n ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú ooru tó ń mú ara rin gbindin, iṣẹ́ ni.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ bí ẹ kò bá tí ì gbà á rí. Ọjọ́ mẹ́wàá, ó kéré tán, kí ẹ tó gbéra ni kí ẹ gbà á, kí ó lè ti ràn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún ọjọ́ ayé ènìyàn. Ibà yìí bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ní 2018, nítorí náà ẹ má fi ṣeré. Bí aboyún bá wà lára yín, tàbí ọmọ kékeré, tàbí ẹni tó ń lo oògùn fún àìsàn tó ti pẹ́ lára, kí ó rí dókítà kó tó sanwó rárá.

Ẹrù

Aṣọ àwọ̀ ewé, àwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú. Kí ẹ fi pupa, funfun àti ofeefee sílẹ̀ nílé. Apá gígùn, ṣòkòtò gígùn, ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí ẹ máa ki ẹnu ṣòkòtò bọ̀, torí eégbọn àti ìjàlọ. Bàtà òjò dára ju bàtà eré ìdárayá lọ. Fìlà, ìpara tí ń lé ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì àfiwérí kí ọwọ́ yín méjèèjì lè ṣí sílẹ̀, páwà báǹkì tó kún, náílọ́ọ̀nù nínípọn fún fóònù, àti ike omi tó gba lítà méjì. Ẹ má fín lọ́fínńdà. Ẹranko á ti gbóòórùn yín kí ẹ tó rí i.

Bí ẹ bá lè yá binọ́kúlà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ yá a. Èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ló bá igbó mu jù. Nọ́ḿbà àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tó ń sọ nǹkan di ńlá, èkejì sì ni bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. Ojú tó fẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n lábẹ́ igi ńlá. Ẹ kọ́ bí ẹ ṣe ń lò ó nílé, kí ẹ wo ẹyẹ ẹ̀gà tó wà lórí ọ̀pẹ àdúgbò yín títí ọwọ́ yín yóò fi mọ́ ọn.

Ẹ di gaàrí, ẹ̀pà àti àádùn bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n inú ike tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin ni kí wọ́n wà. Eku ló ń gbé ibà Lassa kiri, ìpínlẹ̀ Ẹdó sì wà lára ibi tí ibà náà ti ń jà, pàápàá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ fẹ́ lọ yìí. Gaàrí tí ẹ bá ṣí sílẹ̀ mọ́jú nínú yàrá, ẹ dà á nù.

Lójú ọ̀nà

Ẹ gbéra láàárọ̀ kùtù. Láti Ifẹ̀, ọ̀nà Oǹdó ni: Ìfẹ́tẹ̀dó, Òkè-Igbó, Oǹdó, ẹ já sí Orẹ̀, ẹ kọjú sí ọ̀nà Benin, ẹ sì wọlé gba ìhà Udo. Ẹ má rìn lóru, ẹ má sì gbà fún dírẹ́bà tó bá ní òun yóò fi òru sáré e. Kí ẹnì kan nílé mọ orúkọ dírẹ́bà, nọ́ḿbà ọkọ̀ àti ìgbà tí ẹ yẹ kí ẹ dé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè sá lọ bí ẹ bá ti wọ oko ọ̀pẹ.

Lọ́nà Orẹ̀ sí Benin, ẹ ó rí wọn tí wọ́n gbé ẹran ìgbẹ́ kọ́ sí etí títì: ẹtù, òkété, nígbà mìíràn akika. Mo bẹ̀ yín, ẹ má rà á. Ẹ̀ ń sanwó lọ wo ẹranko láàyè. Owó tí ẹ bá fi ra òkú rẹ̀ lọ́nà ló ń rán ọdẹ padà sínú igbó yẹn kan náà.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́

Ẹ má tú ẹrù. Bí ẹ bá dé kó tó di agogo 4, ẹ gbé àpò sílẹ̀, ẹ mu omi, kí ẹ sì sọ fún amọ̀nà pé ẹ fẹ́ rin ìrìn kékeré kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìrìn yìí ni òun náà yóò fi mọ̀ yín: ẹni tó ń rìn kíákíá, ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu, ẹni tí fóònù rẹ̀ ń dún. Kí ẹ tó padà, ẹ bá a ṣètò àárọ̀ ọ̀la, agogo tí ẹ máa pàdé àti ibi tí ẹ máa pàdé.

Ẹ yẹ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn yàrá yín wò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ihò tó bá wà níbẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an. Mo máa ń mú méjèèjì dání. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé ènìyàn lọ bí ejò bá bù ú jẹ, àti ọkọ̀ tí wọ́n ń lò. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fi abẹ sín ojú ibẹ̀, ẹ má so ó mọ́lẹ̀ pinpin, ẹ má fi ẹnu fà á. Kí ẹni náà dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ fi igi gbe ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà ró kó má mì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ọká máa ń dùbúlẹ̀ sáàárín ewé gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ àti ti ewé kò yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fò kọjá igi tó wó lulẹ̀. Orí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gùn, ẹ wo òdìkejì, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Àárọ̀

Agogo 5 ààbọ̀, kí ẹ ti jí. Ẹ mu tíì, ẹ jẹ bísíkíìtì méjì. Oúnjẹ gidi di ìgbà tí ẹ bá dé. Nígbà tí agogo 6 bá lù, kí ẹsẹ̀ yín ti wà nínú igbó.

Ẹ máa tẹ ibi tí amọ̀nà tẹ̀. Bí ó bá na ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ pa ohùn fóònù àti iná fọ́tò rẹ̀. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ sọ, ẹ fọwọ́ kan ẹni tó wà níwájú yín léjìká, kí ẹ sì tọ́ka. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló máa ń nira jù fún, torí ọ̀rọ̀ kì í tán láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra wọn lórí ìlà.

Ẹ rìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdúró yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àlejò kò lè fara dà, òun ló sì ń fúnni ní nǹkan. Bí ẹsẹ̀ yín bá dákẹ́, igbó yóò gbàgbé yín. Ẹyẹ tó dákẹ́ nígbà tí ẹ ń bọ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Bí ẹ bá ń wá ọ̀bọ, ẹ má wá ọ̀bọ. Ẹ máa wo ẹ̀ka. Ẹ̀ka tó bá mì nígbà tí atẹ́gùn kò fẹ́, ẹni kan ló wà lórí rẹ̀. Ẹ máa wo ilẹ̀ pẹ̀lú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, amọ̀nà wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí igi kan, ó mú èèpo èso kan tó já bọ́. Ó yí i sí ìmọ́lẹ̀ kí n lè rí i: ojú ibi tí eyín ti gé e kò tí ì ṣú, oje sì ṣì ń yọ lára rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé ìka kan sókè. A dúró títí ọrùn fi ń dùn mí, ewé wá yà, ọ̀bọ mẹ́rin ń jẹun lókè wa. Ọ̀kan bojú wo ilẹ̀, mo sì rí ọ̀fun rẹ̀, funfun bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ọ̀bọ ọlọ́fun-funfun yìí kò sí ní apá ibi púpọ̀ láyé, ìhà gúúsù Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin tó múlé tì wá ló pọ̀ sí jù, igbó tó sì ń gbé ń dín kù lọ́dọọdún. Mi ò ya fọ́tò. Bí ẹ bá ní ìṣẹ́jú méjì pẹ̀lú ẹranko bẹ́ẹ̀, ẹ fi ojú yín wò ó.

Nígbà tí àtíòro ńlá bá fò kọjá, etí ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, fùù, fùù, fùù, kí ẹ tó rí òjìji rẹ̀ lórí ewé. Ẹ tún béèrè agbe. Láti kékeré la ti ń pè é pé òun ló láró. Ẹ lọ wo aró náà lára rẹ̀ fúnra yín.

Ìjàlọ ń gba ọ̀nà kọjá bí okùn dúdú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ gígùn kọjá, ẹ má dúró sí àárín wọn. Bí wọ́n bá ti wọ ṣòkòtò, ẹ kọ́kọ́ sá kúrò lórí ìlà wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n.

Ilé kan wà lókè àràbà ní Okomu tí àtẹ̀gùn gígùn gbé dé. Kí ẹ tó gun un, ẹ bi ẹ̀ṣọ́ bóyá wọ́n ti yẹ pákó àti irin rẹ̀ wò láìpẹ́. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́, ẹ dúró nísàlẹ̀ kí ẹ wo gbòǹgbò igi náà tó dìde bí ògiri ilé. Òun náà tó wò.

Ọ̀sán

Ẹ jẹun, ẹ wẹ̀, ẹ sùn. Ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀, ara gbọdọ̀ lè rìn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ará Ifẹ̀ béèrè lọ́wọ́ amọ̀nà lọ́sàn-án: bí ibì kan bá wà tí àgbàrá ti gé ilẹ̀, kí ó mú yín lọ síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó gbẹ́ ilẹ̀ Okomu bá èédú àti àpáàdì lábẹ́ igbó náà káàkiri. Ènìyàn gbé ibẹ̀, wọ́n dáná, wọ́n mọ ìkòkò, kí igbó tó bo ojú oko wọn ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn. Àwa tí a bí sórí ilẹ̀ alápàáàdì, tí a ń bá àpáàdì pàdé nígbà tí a bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí wa. Bí ẹ bá rí àpáàdì kan, ẹ wò ó, kí ẹ sì fi í síbi tí ó wà.

Òru

Wọ́n á pa jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn náà ni òfàfà yóò ké. Mo ń sọ ọ́ fún yín ṣáájú kí ẹ̀rù má bà yín: ohùn náà ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi, ó tún ń ké, ó ń ga sí i, títí yóò fi dà bí ẹni tí wọ́n ń pa. Ẹranko tó ń ké yìí kò ju ehoro ńlá lọ. Orí igi ló wà, ewé ló ń jẹ, nínú ẹranko gbogbo sì rèé, erin wà lára àwọn tó bá a tan jù. Ẹ sọ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n tó sùn. Ọmọ tó bá ti mọ orúkọ rẹ̀ yóò máa dúró de ohùn rẹ̀.

Ẹ má jáde láìsí tọ́ọ̀ṣì, ẹ má dá jáde. Láàárọ̀, ẹ gbọn bàtà yín kí ẹ tó kẹ́sẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ọjọ́ ìpadà

Ìrìn àárọ̀ kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ rìn, kí dírẹ́bà dúró. Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ amọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi owó náà sí, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó kó yín wá. Ẹ sọ ohun tó ṣe tó dùn mọ́ yín fún un. Mo ti rí ọkùnrin tó rẹ́rìn-ín ju bó ṣe rẹ́rìn-ín sí owó lọ nígbà tí a sọ fún un pé etí rẹ̀ mú.

Ní alẹ́ tí ẹ bá délé, ẹ yẹ ara wò fún eégbọn: abíyá, ẹ̀yìn etí, ìbàdí, ẹ̀yìn orúnkún. Ẹ fi pínsì mú un mọ́ awọ ara, kí ẹ fà á jáde ní tààrà láìyí i, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ra oògùn ibà lásán ní kẹ́míìsì. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà ṣáájú ohun gbogbo pé ẹ sùn nínú igbó ní Ẹdó, ọjọ́ tí ẹ lọ, ọjọ́ tí ẹ dé, àti ohun tó jẹ yín.